Bàbá Yín Ti Rìn Lọ sí Ilé Olóúnjẹ

Àkọ́bí mi,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ ẹ, mo kí àwọn ọmọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá yín láyọ̀, kí iṣẹ́ yín máa lọ dédé, kí ara àwọn ọmọ le, kí ọ̀gá ẹ tó máa ń jágbe mọ́ ẹ rí iṣẹ́ síbi tó jìnnà. Mo ti kó gbogbo ìkíni sójú kan kí n lè ráyè sọ ohun tó ń já mi láyà. Fóònù ni mo ń wò bí mo ṣe ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ìkọ̀wé mi fi rí jágbajàgba. Bàbá yín ti kúrò nílé láti ìdájí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ sí abẹ́ òkè tí ilé àdúrà wa wà, àwọn nìkan, pẹ̀lú àtọ̀gbẹ lára, wọn ò sì gbé ìpè mi.

Ó yẹ kí n pè ẹ́, àmọ́ mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí létí fóònù, torí fóònù ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wàá gbọ́. Yàtọ̀ síyẹn, inú ẹ̀ ni bàbá yín wà báyìí, mi ò fẹ́ fi ariwo dí wọn lọ́nà. Ìwé ni mo fi ń bá ẹ sọ ọ́. Awakọ̀ tó ń kó oúnjẹ adìẹ wá fún mi á mú un bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ lọ́la, mo sì ti sọ fún un pé tó bá yà síbì kankan, mo máa mọ̀.

Ilé wà dáadáa. Àwọn adìẹ ń yé. Àbúrò mi obìnrin ní kí n sọ fún ẹ pé orúnkún òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Òjò wọ ẹ̀gbẹ́ kan ilé ìkẹ́rù mi, mo ti gbé àwọn àpò sórí pákó. Aránṣọ tó gba yàrá iwájú ra ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, tó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù mi á máa jó. Mo ní kó fi rọ́bà sí i lẹ́sẹ̀, ó ní òun á ṣe é. O mọ̀ mí, mi ò fẹ́ràn ẹni tó ń sọ pé òun á ṣe é. Ìròyìn ilé parí síbẹ̀.

Ó yé ẹ pé èmi ni mo máa ń ṣètò ìrìn àdúrà ìjọ wa lọ́dọọdún. Láti ìgbà tí mo ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ òwò ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti gbé e fún mi, torí ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ gbogbo igi tí wọ́n bá rí. Níbẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé ibi tí iṣẹ́ máa parí sí ni kéèyàn kọ́kọ́ múra sílẹ̀. Ikùn ni ìrìn tiwa máa ń parí sí. Ká gun òkè, ká gbàdúrà, ká sunkún, gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ tí èèyàn bá ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó ń rántí àdúrà mọ́, ibi tí oúnjẹ gidi wà ni wọ́n ń bèèrè. Tọdún yìí wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí nọ́ọ̀sì ti sọ fún bàbá yín pé tí wọ́n bá ti gbé oògùn àtọ̀gbẹ wọn mì, kí oúnjẹ má pẹ́ rárá, tó bá pẹ́, oògùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn fúnra wọn.

Ni mo bá ṣe ìwádìí ọjà bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo ṣí fóònù tó o rà fún mi, mo bi í pé ilé oúnjẹ wo ló wà lábẹ́ òkè yẹn. Ó kó wọn jáde, ó tún kó àwọn ẹlẹ́rìí tó ti jẹun níbẹ̀ jáde, oníkálùkù pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán ojú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kóòtù. Mo ka ẹ̀rí wọn tán pátápátá. Ẹnì kan fi ojú ajá síbi tó yẹ kó fi ojú tiẹ̀ sí, mo fò ó, mi ò lè gba ẹ̀rí ajá lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ilé oúnjẹ tó wà lójú títì, wọ́n ní gbogbo nǹkan ló ń dín, àfi omi. Èkejì, nǹkan aládùn ni obìnrin tó ni ín ń tà, ó sì máa ń tìlẹ̀kùn lọ mú àwọn ọmọ ẹ̀ nílé-ìwé, àsìkò yẹn gan-an ni àwa máa ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀kẹta ló wà lẹ́yìn ibi táwọn mẹkáníìkì ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn ẹlẹ́rìí ní ó máa ń se ẹja ni, kì í dín in, ẹ̀fọ́ ẹ̀ tutù, tó o bá sì ní kó dín iyọ̀ kù, á dín in kù. Mo pe obìnrin náà. Mo ṣàlàyé àìsàn bàbá yín fún un. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, àwo wọn ló máa kọ́kọ́ jáde. Ohùn ẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí.

Ọjọ́ ìrìn pé, a gbéra, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Bàbá yín gbé oògùn wọn mì lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà, a sọ̀kalẹ̀, a wọ ilé oúnjẹ yẹn. Bẹ́ńṣì ẹ̀ mọ́, ó ti bu omi sínú kọ́ọ̀bù dè wá. Mo ti ṣètò gbogbo ẹ̀: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ìpè orúkọ, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mi, kí àwo gbogbo èèyàn tó wá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, torí lọ́dún tó kọjá, àwọn tó kọ́kọ́ dé ló jẹ ẹja, egungun ni àwọn tó kẹ́yìn bá. Àwọn ìyá àgbà méjì ṣì kù lẹ́yìn, wọ́n ń fi ìdí sọ̀kalẹ̀ níbi tó ga. Olóúnjẹ gbé àwo bàbá yín jáde. Mo ní kó gbé e dúró díẹ̀, kí àwọn ìyá dé. Bàbá yín ní mo dá àwo padà. Mi ò dá a padà. Mo ní kó gbé e dúró.

Mo wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ nígbà tí mo rí i pé bàbá yín ti ń làágùn. Wọ́n ń bá ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Wọ́n ní kó na páńda ìrẹ́lé sí àwọn, kí àwọn rẹ́ ògiri yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ògiri kankan níbẹ̀. Káfíńtà ìjọ wa tó jókòó tì wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní bíríkìlà kì í fẹ̀yìn tì. Ni orí wọn bá lọ sílẹ̀ sórí tábìlì. Ọmọ mi, mi ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi débẹ̀. Mo rò pé mo ti di opó lórí bẹ́ńṣì ilé oúnjẹ, pẹ̀lú ìwé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lọ́wọ́. Olóúnjẹ ló sáré po ṣúgà mọ́ omi, tó ń rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, tó ń pè wọ́n ní Bàbá, Bàbá, títí ojú wọn fi padà mọ̀ wá. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi. Bí wọ́n bá wúkọ́ báyìí, mo máa ń dìde. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo di ọwọ́ wọn mú, mo bú olóúnjẹ títí a fi délé, torí mo ní láti bú ẹnì kan.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, fóònù ké. Ó ní báwo ni ilé oúnjẹ tí mo lọ lánàá ṣe rí. Mi ò sọ fún fóònù pé mo lọ síbì kankan. Inú àpamọ́wọ́ mi ló wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, lábẹ́ ìborùn. Mo ní àwọn agbófinró ni, wọ́n ti gbọ́ pé èèyàn dákú, ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá sì tètè sọ tẹnu ẹ̀ ni wọ́n máa mú. Mo jókòó, mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo ní èmi, abilékọ, olùtà oúnjẹ adìẹ, tí orí mi pé, tí ẹnikẹ́ni ò sì fipá mú, sọ ọ́ pé ní ilé oúnjẹ tí wọ́n bi mí nípa ẹ̀ yìí, ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú níwájú tábìlì òfìfo. Fóònù ní kí n fi ìràwọ̀ sí i. Mo ní mi ò fún un ní ìràwọ̀ kankan. Fóònù ní kò lè gba ẹ̀rí tí kò ní ìràwọ̀. Mo fún un ní ẹyọ kan.

Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ fu mí lára, torí mi ò rí agbófinró tó ń dúpẹ́ rí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ti ka ọ̀rọ̀ mi, ó ń yọ̀ fún mi. Olóúnjẹ náà sì kọ̀wé sábẹ́ ẹ̀, ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ má bínú, kí n fún òun ní àyè kí òun wá rí mi, kí àwa méjèèjì yanjú ẹ̀. O rí i, ó ti fẹ́ mọ ilé mi. Mo pa fóònù, mo tì í bọ inú àpò oúnjẹ adìẹ. Oníbàárà kan ti gbé àpò yẹn sórí kẹ̀kẹ́ kí n tó rántí. Mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀, àpò yẹn kì í ṣe títà. Ó ní kí ló wà nínú ẹ̀. Mo ní ẹjọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni káfíńtà gba abẹ́ òkè kọjá. Ó ní àga ti wà lórí tábìlì nílé oúnjẹ yẹn, olóúnjẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì. Ó ní àwọn arìnrìn-àjò kan sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀, wọ́n wo fóònù wọn, wọ́n wo ara wọn, wọ́n kọjá lọ jẹ dídín. Iwájú bàbá yín ló ti sọ ọ́. Wọn ò bá mi jà. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi jà. Wọ́n kàn ní tó bá jẹ́ pé ilé oúnjẹ yẹn kú, níbo ni èmi ìyàwó àwọn fẹ́ kí àwọn ti jẹun tí àwọn bá tún sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, torí àwọn ò ní torí àtọ̀gbẹ fi ilé àdúrà sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa lọ sọ fún obìnrin yẹn fúnra àwọn pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Mo ní kò burú, kí wọ́n jẹ́ kí n ṣètò ọkọ̀, kí n bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, kí n wá fúláàsì tó dáa. Wọ́n ní àwọn ti rí ibi tí dídúró de ètò mi gbé àwọn dé.

Láàárọ̀ òní, mo nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òfìfo. Fìlà wọn ti lọ, ọ̀pá ti lọ, oògùn ti lọ, ẹyin tí mo sè sínú abọ́ náà ti lọ. Fóònù wọn ni wọ́n ti wé mọ́ táwẹ́ẹ̀lì sínú àpò bí ìṣe wọn, kí oòrùn má bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń gbọ́ ìpè. Mo yọ tèmi nínú àpò adìẹ, mo gbọn ìyẹ̀fun ara ẹ̀ nù, mo ṣí máàpù tó o ṣe fún wa, tó ń fi ibi tí èèyàn wà hàn, níbi tí bàbá yín ti di àmì róbótó kékeré. Mo rí wọn. Wọ́n ń lọ lójú ọ̀nà. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má lọ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Ohun tó wá pa mí láyà ni àwòrán agbára wọn tó wà ní igun òkè. Láàárọ̀, ó kún dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń rìn, ló ń dín kù. Ó di ìdajì. Ó di bíńtín. Nígbà tó yá, ó pupa, mo kígbe. Aránṣọ sáré wọlé, ó ní kí ló dé, mo ní bàbá àwọn ọmọ mi ń tán lọ, wò ó. Ó wò ó, ó yọ ṣájà tiẹ̀, ó tì í bọ fóònù, agbára bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo bi í pé ṣé iná tó wá láti ara ògiri mi lè dé ọ̀dọ̀ wọn lójú ọ̀nà. Ó wò mí, ó ní kí n ṣáà fi í síbẹ̀. Kò pẹ́ ni àmì bàbá yín bọ́ sínú omi. Mo bú sẹ́kún. Aránṣọ ní afárá wà níbẹ̀. Mo ní nínú fóònù yìí, mi ò rí afárá, omi ni mo rí. Wọ́n pẹ́ nínú omi yẹn kí wọ́n tó jáde ní òdìkejì. Mo ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Ó ní tí wọ́n bá ń jẹ ẹyin yẹn díẹ̀díẹ̀ lọ́nà, tí oúnjẹ sì ń dúró dè wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á yè é. Ṣé o rí ọ̀rọ̀ yẹn, tí oúnjẹ bá ń dúró dè wọ́n. Àga wà lórí tábìlì.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Wọn ò tilẹ̀ gun òkè lọ gbàdúrà, ilé oúnjẹ ni wọ́n yà sí tààrà. Àmì wọn dúró síbẹ̀ gbọin. Mo retí kó mì, kò mì. Mo fi ìka gbọn ẹ̀gbẹ́ fóònù díẹ̀, kò mì. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí sí ẹ, torí mo ti rí wọn lọ́kàn mi pé wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n sì ṣubú síwájú ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ fún mi, olóúnjẹ yẹn ni, òun náà sì ni mi ò lè pè, torí á dá ohùn mi mọ̀. Mo gbé ìka lé orúkọ ilé oúnjẹ ẹ̀ nínú fóònù, mo gbé e kúrò. Mo tún gbé e lé e.

Nígbà tí mo wá tẹ̀ ẹ́, mo rí ẹ̀rí tuntun, ó wà lókè tèmi. Orúkọ tó jẹ́rìí ni Bàbá, bó o ṣe kọ ọ́ sínú fóònù wọn. Mo mọ̀ pé olóúnjẹ ló bá wọn tẹ̀ ẹ́, torí ìka bíríkìlà wọn tóbi ju fóònù lọ, àmọ́ ẹnu wọn ni. Wọ́n ní àwọn ni ọkọ obìnrin tó kọ ti ìsàlẹ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ò kú. Wọ́n ní àwo ti jáde kí ìdí àwọn tó kan àga, àwọn ti jẹ ẹ̀wà àti ẹja àti ẹ̀fọ́, iyọ̀ ẹ̀ mọ níwọ̀n, àwọn ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí ẹni tí ebi bá ń pa bọ̀ láti orí òkè má bẹ̀rù, kó wọlé. Wọ́n fi ìràwọ̀ márààrún sí i. Mo kà á títí omi ojú mi fi ń kán sórí fóònù, mo sáré nù ún kó má baà kán sí wọn lórí.

Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e, wọ́n ti wé fóònù padà sínú táwẹ́ẹ̀lì. Mo padà síbi ẹ̀rí tèmi, mo pa gbogbo ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, mo bèèrè níbẹ̀ pé ṣé wọ́n rántí lo oògùn. Olóúnjẹ dáhùn sábẹ́ ẹ̀ kíá pé bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, wọ́n ti lò ó, wọ́n sì ti na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wọn ọ̀tún ti là. Mo ní kó bá mi gbé omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ wọn. Ó ní ó ti wà lórí iná. Mo fi ìràwọ̀ kún tiẹ̀ títí ó fi di mẹ́rin. Mi ò fún un ní ìkarùn-ún, torí ó yẹ kó ti pè mí ní gbàrà tí wọ́n wọlé.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o, torí ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ni wọ́n máa sùn lálẹ́ òní, àmọ́ wọ́n níláti padà wálé, wọ́n sì lè tún fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kó o fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ yìí kan náà, kó yà lọ gbé wọn lábẹ́ òkè, àti owó bàtà tó nípọn nísàlẹ̀, kì í ṣe èyí tó rẹwà. Fi díẹ̀ kún un fún olóúnjẹ, kó ra ìkòkò ńlá, torí mo ti bá a sọ ọ́ pé gbogbo ìjọ wa ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn aláìsàn á kọ́kọ́ jẹun, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mi á wá lẹ́yìn oúnjẹ. Má fi falẹ̀. Tó o bá sì fẹ́ kí bàbá yín, má wulẹ̀ pè wọ́n, inú táwẹ́ẹ̀lì ni fóònù wọn ń gbé. Kọ ọ́ sábẹ́ ilé oúnjẹ yẹn, wọ́n ń dáhùn níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ sí, kó dá ilé ẹ sí. Kí ọ̀nà má gbà ẹ́ lókun ju bó o ṣe lè rìn lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ bá parí ìrìn sí, kí oúnjẹ ti wà lórí tábìlì níbẹ̀ kó o tó jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e dúró.

Èmi ni,
Ìyá ẹ.